Bí a ṣe ń tú àlọ́ owó tó ń ti ọwọ́ dé ọwọ́

Ẹni mẹ́ta jọ wọ ilé ìtura kan ní alẹ́, wọ́n sì gba yàrá kan ṣoṣo. Ẹni tó ń gba owó sọ fún wọn pé yàrá náà jẹ́ ẹyọ owó 30, olúkúlùkù wọn sì san 10. Wọ́n ti wọlé tán kí agbowó tó rántí pé 25 ni iye yàrá náà ní ọjọ́ yẹn, ni ó bá kó ẹyọ 5 fún ọmọ iṣẹ́ kan pé kí ó lọ dá a padà fún wọn. Ọmọ iṣẹ́ rò ó lójú ọ̀nà pé 5 kò ṣeé pín dọ́gba fún ẹni mẹ́ta. Ó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní 1, ó sì fi 2 tó ṣẹ́kù sí àpò ara rẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé 9 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan san níkẹyìn. Mẹ́sàn-án lọ́nà mẹ́ta jẹ́ 27. Bí a bá fi 2 tó wà lápò ọmọ iṣẹ́ kún un, ó di 29. Ṣùgbọ́n 30 ni wọ́n san ní ìbẹ̀rẹ̀. Níbo ni ẹyọ 1 yòókù wà?

Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ àlọ́ yìí ni yóò tún un kà, tí yóò tún un ṣírò, tí yóò sì padà dé orí 29 kan náà, nítorí pé ojú ọ̀nà tí ẹni tó pa àlọ́ náà là sílẹ̀ ni wọ́n ń tọ̀. Kò sí owó kankan tó sọnù. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé a ní kí a ro iye méjì kan pọ̀ tí kò yẹ kí a rò pọ̀ rárá, a sì ní kí a fi àbájáde rẹ̀ wé iye kẹta tí kò bá a tan. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé iṣẹ́ àkọ́kọ́ ẹni tó fẹ́ tú irú àlọ́ báyìí kì í ṣe láti dáhùn ìbéèrè tó wà ní ìparí rẹ̀, bí kò ṣe láti yẹ ìbéèrè náà wò bóyá ó tọ́ kí a bi í. Nínú àlọ́ wọ̀nyí, owó kì í dédé pòórá: bí ó bá kúrò lọ́wọ́ ẹnìkan, ọwọ́ ẹlòmíràn ni ó bọ́ sí, ẹni tó bá sì lè fi ìka tọ́ka sí ibi tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan wà ti tú àlọ́ náà, ìbáà mọ ìṣirò gíga, ìbáà má mọ̀ ọ́n.

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó ronú

Ẹ mú bébà àti kálàmù. Mo mọ̀ pé ó máa ń wu ènìyàn láti fi orí lásán ṣe é, ṣùgbọ́n inú orí gan-an ni àlọ́ owó ti ń ráyè ṣe wá bí ó ti fẹ́, nítorí pé a kì í rántí níbẹ̀ pé a ti ka iye kan tẹ́lẹ̀. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó fọwọ́ kan owó náà sórí ìlà kan, láìyọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, títí kan ẹni tí owó náà kàn gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn náà, ẹ mú àkókò kan nínú ìtàn náà, kí ẹ sì kọ iye tó wà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan ní àkókò yẹn sábẹ́ orúkọ rẹ̀. Nígbàkúùgbà tí owó bá tún ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn, ẹ bọ́ sí ìlà tuntun. Bí ẹ bá ti parí ìlà kan, ẹ ro ó pọ̀: àpapọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti ìlà tó ṣáájú rẹ̀ mu, bí kò bá sì bá a mu, ẹ ti fo nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe é fún àwọn àlejò wa. Àwọn mẹ́ta ló kan owó yìí: àwọn àlejò (mo ka àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ọwọ́ kan), ilé ìtura, àti ọmọ iṣẹ́. Kí a sọ pé 10 péré ni àlejò kọ̀ọ̀kan mú wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn àlejò ní 30, ilé ìtura ní 0, ọmọ iṣẹ́ ní 0. Lẹ́yìn tí wọ́n sanwó, ó di 0, 30 àti 0. Lẹ́yìn tí agbowó fún ọmọ iṣẹ́ ní 5, ó di 0, 25 àti 5. Ní ìparí, ó di 3, 25 àti 2. Ẹ ro ìlà kọ̀ọ̀kan pọ̀, 30 ni ẹ ó bá nínú gbogbo wọn, láìsí ẹyọ kan tó dín tàbí tó lé.

Níbo wá ni 27 wà nínú ìwé wa? Kò sí lábẹ́ orúkọ ẹnikẹ́ni, nítorí pé kì í ṣe owó tó wà lọ́wọ́ ẹnìkan. Iye tó jáde lọ́wọ́ àwọn àlejò ni. Ibi tí 27 náà sì lọ hàn kedere lórí ìlà tó kẹ́yìn: 25 wà nílé ìtura, 2 wà lápò ọmọ iṣẹ́. Èyí já sí pé inú 27 ni 2 yẹn wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fi 2 kún 27 ti ka owó ọmọ iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ti gbàgbé 3 tó padà sọ́wọ́ àwọn àlejò pátápátá. Ìṣirò méjì ló tọ́ níhìn-ín. Bí ẹ bá ń wá iye tó wọ inú owó ilé ìtura, ẹ yọ 2 kúrò nínú 27, ó ku 25. Bí ẹ bá ń wá 30 tí wọ́n kọ́kọ́ san, ẹ fi 3 kún 27. Kò sí ibi tí a ti nílò 27 pẹ̀lú 2, àyàfi nínú ẹnu ẹni tó pa àlọ́.

Ohun tó mú kí àlọ́ yìí lágbára ni pé 29 sún mọ́ 30 tó bẹ́ẹ̀ tí ọkàn wa fi gbà pé ìbátan wà láàárín wọn. Ọ̀nà kan wà tí mo fẹ́ràn gidigidi láti fi tú irú àṣírí bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni kí a yí iye inú ìtàn padà títí ìsúnmọ́ náà yóò fi bàjẹ́, kí a má sì yí ohunkóhun mìíràn padà. Ká ní 10 ni iye yàrá náà ní tòótọ́. Agbowó yóò dá 20 padà. Ọmọ iṣẹ́ yóò fún àlejò kọ̀ọ̀kan ní 6, yóò sì fi 2 sápò. Àlejò kọ̀ọ̀kan ti san 4 nìyẹn, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 12. Ẹ fi 2 ọmọ iṣẹ́ kún un, ó di 14. Ṣé ẹnikẹ́ni yóò wá béèrè pé níbo ni ẹyọ 16 yòókù wà? Kò sí, nítorí gbogbo ènìyàn ni yóò rí i lójú ẹsẹ̀ pé ọwọ́ àwọn àlejò ni 18 wà, àti pé 12 tí wọ́n san pín sí 10 ti ilé ìtura àti 2 ti ọmọ iṣẹ́. Ìtàn kan náà ni, ìṣirò kan náà sì ni; iye tí a yàn nìkan ló yàtọ̀.

Àwọn tó jẹ́ ìbátan rẹ̀

Bí ẹ bá ti mọ ojú àlọ́ yẹn, ẹ ó dá àwọn arákùnrin rẹ̀ mọ̀ níbikíbi tí ẹ bá ti pàdé wọn. Ẹnìkan yá 50 lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó yá 50 lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó ra ẹ̀wù kan ní 97, ó sì gba ṣéńjì 3. Ó dá 1 padà fún bàbá, ó dá 1 padà fún ìyá, ó fi 1 pamọ́. Ó jẹ bàbá ní 49, ó jẹ ìyá ní 49, ìyẹn 98; pẹ̀lú 1 tó fi pamọ́, ó di 99. Àṣìṣe kan náà ni. Gbèsè 98 yẹn ni ó fi ra ẹ̀wù 97, òun náà ni ó sì fi ní ẹyọ 1 lọ́wọ́; nítorí náà yíyọ ni a ń yọ 1 kúrò nínú 98, a kì í fi kún un. Ẹ kíyè sí i pé gbèsè àti owó tó wà lọ́wọ́ kì í ṣe irú nǹkan kan náà: ohun tí mo jẹ ń fà mí sẹ́yìn, ohun tí mo ní ń gbé mi síwájú. Àlọ́ tó bá ní kí ẹ ro méjèèjì pọ̀ ti sọ fún yín níbẹ̀ pé ó fẹ́ ṣì yín lọ́nà.

Èyí tó tún fara jọ ọ́, ṣùgbọ́n tó gba ọgbọ́n díẹ̀ sí i, ni ti owó báńkì. Mo ní 50 ní báńkì. Mo gba 20, ó ku 30. Mo gba 15, ó ku 15. Mo gba 9, ó ku 6. Mo gba 6, ó ku 0. Àpapọ̀ owó tí mo gbà jẹ́ 50. Àpapọ̀ ohun tó ń ṣẹ́kù, ìyẹn 30, 15, 6 àti 0, jẹ́ 51. Ta ló fi ẹyọ 1 kún owó mi? Níhìn-ín, ìwé tí a ń kọ yóò fi ohun tó ṣẹlẹ̀ hàn yín kíákíá. Owó tí mo gbà jẹ́ owó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tó bọ́ sọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mẹrin, nítorí náà ó yẹ kí a rò ó pọ̀. Ṣùgbọ́n 15 tó ṣẹ́kù lẹ́ẹ̀kejì wà nínú 30 tó ṣẹ́kù lẹ́ẹ̀kíní, 6 sì wà nínú 15. Owó kan náà ni mo ń kà ní àkókò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí mo bá gba 10 lẹ́ẹ̀marùn-ún, ohun tó ń ṣẹ́kù yóò jẹ́ 40, 30, 20, 10 àti 0, àpapọ̀ rẹ̀ yóò sì jẹ́ 100. Bí mo bá gba gbogbo 50 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àpapọ̀ rẹ̀ yóò jẹ́ 0. Iye tó lè jẹ́ 0, tó lè jẹ́ 51, tó sì lè jẹ́ 100 láìsí pé ohunkóhun yí padà nínú owó mi kò lè sọ òtítọ́ kankan fún mi nípa owó náà. Nítorí náà, kí ẹ tó ro iye méjì pọ̀, ẹ béèrè bóyá àkókò kan náà ni àwọn méjèèjì ń sọ nípa rẹ̀.

Ayédèrú owó

Lójú tèmi, àlọ́ yìí ni ó dára jù nínú gbogbo wọn, nítorí pé kò sí ẹ̀tàn kankan nínú ìbéèrè rẹ̀. Ó béèrè ohun tó yẹ kí a béèrè, síbẹ̀ àwọn ènìyàn tó mọ ìṣirò dáadáa máa ń dáhùn rẹ̀ ní ọ̀nà mẹ́rin tàbí márùn-ún.

Oníbàárà kan wọ ìsọ̀, ó mú ọjà tí iye rẹ̀ jẹ́ 70, ó sì san owó bébà kan tó jẹ́ 100. Ọlọ́jà kò ní ṣéńjì. Ó mú bébà náà lọ bá aládùúgbò rẹ̀, ẹni yẹn bá a ṣẹ́ ẹ sí wẹ́wẹ́, ó fún un ní 10 lọ́nà mẹ́wàá. Ọlọ́jà padà, ó fún oníbàárà ní ṣéńjì 30, ó sì fi 70 pamọ́. Oníbàárà gbé ọjà àti ṣéńjì rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ kejì, aládùúgbò rí i pé ayédèrú ni bébà 100 náà, ó gbé e padà, ọlọ́jà sì fi 100 tòótọ́ dí i fún un. Èló ni ọlọ́jà pàdánù?

Ẹni tó bá sọ pé 200 ti ka ọjà àti ṣéńjì sí 100, ó sì tún ka ohun tó san fún aládùúgbò sí 100 mìíràn. Ẹni tó bá sọ pé 130 ti ro ṣéńjì 30 àti 100 aládùúgbò pọ̀. Ẹni tó bá sọ pé 170 ti ro 70 ọjà àti 100 pọ̀. Gbogbo wọn ló rántí owó tó jáde, ṣùgbọ́n wọ́n gbàgbé pé aládùúgbò ti kọ́kọ́ fún ọlọ́jà ní 100 tòótọ́ ní ọjọ́ kìíní. Nínú ìṣirò owó, ohun tó jáde máa ń wúwo lọ́kàn ju ohun tó wọlé lọ: ohun tó dùn wá nígbà tó jáde lọ́wọ́ wa ni a máa ń rántí, ohun tó wọlé ní ìrọ̀rùn kì í fi àpá sílẹ̀ lọ́kàn.

Ẹ padà sí ìwé wa, ṣùgbọ́n ní báyìí ẹ kọ èrè tàbí àdánù sábẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe iye tó wà lọ́wọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ rọrùn jù. Aládùúgbò fún ọlọ́jà ní 100 tòótọ́, ó sì gba 100 tòótọ́ padà: èrè rẹ̀ jẹ́ 0. Ẹ lè pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, nítorí pé gbogbo àlọ bọ̀ tó wà láàárín òun àti ọlọ́jà ti pa ara rẹ̀ rẹ́. Oníbàárà mú bébà lásán tí kò níye lórí wọlé, ó gbé ọjà 70 àti ṣéńjì 30 jáde: èrè rẹ̀ jẹ́ 100. Kò sí ẹlòmíràn nínú ìtàn náà ju ọlọ́jà lọ. Bí oníbàárà bá jèrè 100, tí aládùúgbò kò jèrè, tí kò sì pàdánù, ọlọ́jà ni ó gbọ́dọ̀ pàdánù 100, nítorí pé èrè ẹnìkan kò lè ti ibòmíràn wá. Ẹ tún lè tọ owó ọlọ́jà fúnra rẹ̀ láti fi yẹ̀ ẹ́ wò: 100 wọlé láti ọ̀dọ̀ aládùúgbò, 30 jáde fún oníbàárà, 100 jáde fún aládùúgbò, owó rẹ̀ dín ní 30, ọjà rẹ̀ sì dín ní 70.

Ọgbọ́n kan tó yẹ kí ẹ mú láti inú rẹ̀ ni pé kò pọn dandan kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni tí wọ́n béèrè nípa rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọlọ́jà ló díjú jù, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo owó gbà kọjá. Ẹ ṣírò ti àwọn yòókù, ohun tó bá ṣẹ́kù ni tirẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ohun kan síbí, nítorí pé ẹni tó bá jẹ́ oníṣòwò yóò bi yín. Iye tí ọlọ́jà ń tà á ni 70. Ká ní 50 ni òun fúnra rẹ̀ fi ra ọjà náà, ohun tó jáde lápò rẹ̀ ní tòótọ́ jẹ́ 80, ìyẹn 30 owó àti 50 ọjà, nígbà tí 20 yòókù jẹ́ èrè tí kò rí jẹ. Ìdáhùn méjèèjì ló lè dúró, bí a bá ti sọ èyí tí a ń wá. Àlọ́ tí kò bá sọ iye tí wọ́n fi ra ọjà ń fẹ́ kí a lo iye tí wọ́n ń tà á, nítorí náà 100 ni ẹ ó dáhùn.

Àbúrò àlọ́ yìí nìyí: olè kan jí 100 nínú àpótí owó ọlọ́jà, ó jáde, ó padà wọlé, ó fi 100 náà ra ọjà 70, ó sì gba ṣéńjì 30. Èló ni ọlọ́jà pàdánù? Ọ̀nà tó yá jù ni láti pín ìtàn náà sí méjì. Nígbà tí olè jáde, ọlọ́jà ti pàdánù 100. Nígbà tó padà wá rajà, ó fi 100 sílẹ̀, ó sì gbé ohun tó tó 100 lọ. Ìrajà yẹn kò fi kún àdánù, kò sì dín in kù. 100 náà ni, ìbáà jẹ́ owó ẹlòmíràn ni ó fi ra ọjà ọ̀hún.

Rírà, títà, àti rírà padà

Ọkùnrin kan ra ẹṣin ní 60, ó tà á ní 70, ó rà á padà ní 80, ó sì tún un tà ní 90. Èló ni èrè rẹ̀? Àwọn kan ní kò sí èrè, àwọn kan ní 10, nítorí wọ́n rò pé ó pàdánù 10 nígbà tó fi 80 ra ohun tó ti tà ní 70. Ẹ ro gbogbo owó tó jáde pọ̀: 60 àti 80 jẹ́ 140. Ẹ ro gbogbo owó tó wọlé pọ̀: 70 àti 90 jẹ́ 160. Èrè rẹ̀ jẹ́ 20. Bí ẹnìkan bá ṣì ń jiyàn, ẹ yí ẹṣin kejì padà sí màlúù, kí ẹ tún ìtàn náà sọ. Ìjà yóò parí, nítorí pé kò sí ìdí fún ẹnikẹ́ni láti máa fi iye ẹṣin wé iye màlúù. Ó ṣeé ṣe kí ọkùnrin náà kábàámọ̀ pé òun ta ẹṣin ní 70, ṣùgbọ́n àbámọ̀ kì í ṣe owó tó jáde.

Ẹ̀yà kan wà tí owó kò tilẹ̀ pààrọ̀ ọwọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀, tí ó sì ń mú ọ̀pọ̀ ènìyàn: igi ìgbábọ́ọ̀lù àti bọ́ọ̀lù rẹ̀ jọ jẹ́ 110, igi sì fi 100 ju bọ́ọ̀lù lọ, èló ni bọ́ọ̀lù? Shane Frederick, olùwádìí nípa bí ènìyàn ṣe ń ronú tó sì ń ṣe ìpinnu, fi irú ìbéèrè yìí sínú ìdánwò kúkurú oníbéèrè mẹ́ta tó gbé jáde ní ọdún 2005, láti wo ẹni tó lè dá ìdáhùn àkọ́kọ́ tó sáré wá sí i lọ́kàn dúró. Ìdáhùn tó ń sáré wá ni 10. Ẹ dán an wò: bí bọ́ọ̀lù bá jẹ́ 10, igi yóò jẹ́ 110, àwọn méjèèjì yóò sì jẹ́ 120. Ẹyọ 5 ni bọ́ọ̀lù, 105 ni igi.

Nígbà tí ẹyọ kan sọnù lóòótọ́

Títí di ibí yìí, a ti ń sọ pé owó kankan kò sọnù. Ìwà títọ́ béèrè pé kí n fi àlọ́ kan hàn yín tí ẹyọ owó kan dín nínú rẹ̀ ní tòótọ́, kí ẹ má baà máa fi ìdáhùn kan ṣoṣo lé gbogbo ìbéèrè padà.

Ẹni méjì ń ta abẹ́rẹ́, ẹnì kọ̀ọ̀kan ní 30. Ẹnì kìíní ń ta méjì ní ẹyọ owó 1, nítorí náà yóò pa 15. Ẹnì kejì ń ta mẹ́ta ní ẹyọ owó 1, yóò pa 10. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 25. Ní ọjọ́ kan, wọ́n da abẹ́rẹ́ wọn pọ̀, wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tí méjì jẹ́ 1 tí mẹ́ta sì jẹ́ 1, àwọn yóò ta márùn-ún ní 2. Ọgọ́ta abẹ́rẹ́ jẹ́ ìdì márùn-ún-márùn-ún lọ́nà méjìlá, owó rẹ̀ sì jẹ́ 24. Ẹyọ 1 ti dín.

Bí ẹ bá tọ owó níhìn-ín, ẹ kò ní rí olè kankan. Abẹ́rẹ́ ni kí ẹ tọ̀. Ìdì márùn-ún ní 2 tọ́ bí ó bá jẹ́ pé méjì nínú rẹ̀ jẹ́ ti ẹnì kìíní, tí mẹ́ta jẹ́ ti ẹnì kejì. Lẹ́yìn ìdì mẹ́wàá, gbogbo 30 ti ẹnì kejì ti tán, ṣùgbọ́n 20 péré ló ti lọ nínú ti ẹnì kìíní. Abẹ́rẹ́ 10 tó kù jẹ́ tirẹ̀ nìkan, wọn ìbá sì pa 5 ní iye tí ó ń tà á. Wọ́n tà wọ́n ní ìdì méjì, wọ́n pa 4. Ibẹ̀ gan-an ni ẹyọ 1 ti bọ́. Ẹ lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀ báyìí: bí ẹnì kìíní bá ní 24, tí ẹnì kejì sì ní 36, olúkúlùkù yóò pa 12 lọ́tọ̀, wọn yóò sì pa 24 bí wọ́n bá dà á pọ̀, láìsí ohun tó dín.

Àlọ́ yìí ti pẹ́. Irú rẹ̀ kan wà nínú àkójọ ìbéèrè ìṣirò ní èdè Látìnì tí wọ́n sábà máa ń kà sí iṣẹ́ Alcuin ti York, ọ̀mọ̀wé tó ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọba Charlemagne tó sì kú ní ọdún 804. Ibẹ̀ ni àwọn oníṣòwò méjì ti fi 100 solidi (orúkọ owó ayé ìgbà náà) ra ẹlẹ́dẹ̀ 250, márùn-ún ní 2. Wọ́n pín wọn sí agbo méjì, 125 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ta 120 nínú agbo kan ní méjì ní 1, wọ́n ta 120 nínú agbo kejì ní mẹ́ta ní 1. Wọ́n rí 60 àti 40, ìyẹn 100 tí wọ́n ná pé padà, síbẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ 10 ṣẹ́kù fún wọn gẹ́gẹ́ bí èrè. Ìdí kan náà ni, àfi pé wọ́n gbé e gba ẹ̀yìn: ohun tó ṣe àwọn oníṣòwò abẹ́rẹ́ ní àdánù ni ó ṣe àwọn oníṣòwò ẹlẹ́dẹ̀ ní èrè.

Gbèsè tó yí po

Èyí tí wọ́n máa ń béèrè pẹ̀lú ìyanu jù ni ti àrìnrìn-àjò tó fi 100 sílẹ̀ lórí tábìlì ilé ìtura nígbà tó lọ wo yàrá. Onílé ìtura sáré mú un, ó fi san gbèsè tó jẹ oníṣẹ́ igi. Oníṣẹ́ igi fi san gbèsè rẹ̀ fún aránṣọ. Aránṣọ fi san gbèsè rẹ̀ fún awakọ̀. Awakọ̀ sì fi san 100 tó jẹ onílé ìtura. Àrìnrìn-àjò sọ̀kalẹ̀, ó ní yàrá náà kò wu òun, ó mú 100 rẹ̀, ó lọ. Kò sí ẹni tó jèrè, síbẹ̀ gbogbo gbèsè ti tán. Ẹ kọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ àti ohun tí wọ́n jẹ ẹ́ sílẹ̀ kí àrìnrìn-àjò tó dé: olúkúlùkù jẹ 100, wọ́n sì jẹ olúkúlùkù ní 100. Òdo ni gbogbo wọn wà tẹ́lẹ̀. Bí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá jókòó yí tábìlì kan ká, wọn ìbá fa gbèsè náà ya láìlo owó kankan. Ìmọ̀ tí àrìnrìn-àjò kò mọ̀ pé òun mú wá ni àwọn báńkì máa ń lò nígbà mìíràn láti fi yanjú ohun tí wọ́n jẹ ara wọn: wọn kì í kó gbogbo owó lọ bọ̀ nígbà náà, ìyàtọ̀ nìkan ni wọ́n ń san.

Ìwé tí a ti ń kọ láti òkè kì í sì í ṣe ọgbọ́n àlọ́ lásán. Luca Pacioli, ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn tó tún jẹ́ onímọ̀ ìṣirò ní Ítálì, ṣe àlàyé rẹ̀ nínú ìwé kan tí wọ́n tẹ̀ ní Venice ní ọdún 1494: gbogbo iye tó bá ṣẹlẹ̀ ni kí a kọ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan sí ọ̀dọ̀ ẹni tó fún ni, lẹ́ẹ̀kan sí ọ̀dọ̀ ẹni tó gbà, kí àpapọ̀ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sì dọ́gba. Àwọn oníṣòwò Venice ti ń lo ọ̀nà yìí kí ó tó kọ ọ́ sílẹ̀, àwọn olùṣírò owó sì ń lò ó títí di òní. Ẹni tó bá kọ 27 sí ẹ̀gbẹ́ tó jáde yóò rí i pé ẹ̀gbẹ́ tó gbà á ni 2 wà, kò sì ní lè rò wọ́n pọ̀ bí ó tilẹ̀ fẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ la àlọ́ àwọn àlejò yé ẹlòmíràn, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu, nítorí pé ìgbà tí ẹ bá fi máa dé ìdajì, yóò ti ní kí ẹ ṣáà sọ ibi tí ẹyọ 1 wà fún òun. Ẹ kó òkúta wẹ́wẹ́ 30 tàbí bébà kéékèèké 30, kí ẹ ya ibi mẹ́ta sọ́tọ̀ lórí tábìlì fún àwọn àlejò, ilé ìtura àti ọmọ iṣẹ́, kí ẹ sì jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ máa gbé òkúta náà bí ìtàn ṣe ń lọ. Nígbà tó bá parí, 3 yóò wà níbí, 25 lọ́hùn-ún, 2 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ wá ní kí ó fi ọwọ́ kó 27 tí àwọn àlejò san jọ, kí ó tó fi 2 ọmọ iṣẹ́ kún un. Yóò kó 25 tó wà nílé ìtura, yóò rí i pé kò tíì pé, yóò sì na ọwọ́ sí òkúta méjì tó wà níwájú ọmọ iṣẹ́.